Ẹkùn Ìdìbò Sùúrùlérè Kìíní: Ìtàn Ìdìbò Rẹ̀ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin

Ẹkùn ìdìbò Sùúrùlérè Kìíní jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn 24 tí Ìpínlẹ̀ Èkó ní nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Inú Ìjọba Ìbílẹ̀ Sùúrùlérè ni ó wà. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí ni a pín sí ẹkùn méjì, Kìíní àti Kejì, tí àwọn méjèèjì sì wà lábẹ́ Àárín Gbùngbùn Èkó nígbà tí a bá ń dìbò sí Ilé Aṣòfin Àgbà.

Láti ọdún 2003 títí di ọdún 2023, ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn olùdìbò ẹkùn náà yàn lẹ́ẹ̀mẹ́fà léraléra, lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́rin tó ń rọ́pò ara wọn. Ẹni náà dé ipò Olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìdìbò ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni ó fi ilé náà sílẹ̀, tí àga ẹkùn sì ṣófo fún oṣù méje ó lé ní ogúnjọ́ kí a tó dìbò àfirọ́pò ní ọdún 2024. Àkọsílẹ̀ yìí sọ bí àga náà ṣe wáyé, àwọn ìdìbò tí a ti dì fún un, àwọn ìgbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, àti ohun tí àìsí aṣojú túmọ̀ sí fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Bí Sùúrùlérè ṣe di àdúgbò ńlá

Ẹ̀yìn odi Èkó ni a ń ka Sùúrùlérè sí nígbà àtijọ́. Ní Erékùṣù Èkó ni ààfin, ọjà ńlá, ilé ẹjọ́ àti ilé iṣẹ́ ìjọba wà. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn Èbúté-Mẹ́ta àti Yábàá jẹ́ oko, igbó àti àbàtà, tí àwọn abúlé fọ́n káàkiri inú rẹ̀.

Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa mójú tó àtúntò àti ìdàgbàsókè ìlú. LEDB ni gbogbo ènìyàn mọ àjọ náà sí. Àjọ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wó ọ̀pọ̀ ilé ní àárín Erékùṣù Èkó ní ọdún 1955, tí ó sì kó púpọ̀ nínú àwọn ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà kàn lọ sí àwọn ilé tuntun ní Sùúrùlérè.

Ìṣípòpadà náà kò rọrùn fún wọn. Ẹni tó ti ń gbé agbo ilé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ láti kékeré di ẹni tó ń gbé yàrá láàárín àwọn àjèjì. Oníṣòwò tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bá lẹ́nu ọ̀nà di ẹni tó ń san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́ láti padà sí ọjà tó ti wà nítòsí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn àwọn àgbà pé sùúrù ló lérè ni orúkọ àdúgbò náà dúró lé, ó sì bá ipò tí àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ wà mu.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò láti oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà kọ́lé tàbí gba ilé síbẹ̀. Àwọn òpópónà gba orúkọ àwọn olóṣèlú ìgbà náà: Bọ́dé Thomas, tó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Action Group, àti Adéníran Ògúnsànyà, tó jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ NCNC. Ní ọdún 1972 ni a parí Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, níbi tí ìdíje eré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti wáyé ní oṣù Kìíní ọdún 1973. Nígbà tí a ó fi ka ènìyàn ní ọdún 2006, àwọn olùgbé Ìjọba Ìbílẹ̀ Sùúrùlérè ti di 503,975 nínú àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀.

Ìdìbò ní Èkó kí àga Sùúrùlérè tó wà: 1923 sí 1966

Èkó wà lára àwọn ìlú tí a ti kọ́kọ́ dìbò yan aṣòfin ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Lábẹ́ òfin ìlú tí Gómìnà Clifford gbé kalẹ̀ ní ọdún 1922, àga mẹ́rin ni a fi sílẹ̀ fún ìdìbò nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin: mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Kàlàbá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923 ni a di ìbò àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ NNDP tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ ni ó gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ni ó lè dìbò nígbà náà, ọkùnrin ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ní owó tí ń wọlé fún un tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún. Àwọn obìnrin kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, apẹja àti alágbàṣe.

Ní ọdún 1950, nígbà ìdìbò sí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, ẹ̀tọ́ ìdìbò tàn dé ọ̀dọ̀ gbogbo àgbàlagbà, ọkùnrin àti obìnrin. Ní ọdún 1951, tí Èkó ṣì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, àga márùn-ún ni ìlú náà ní nínú Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ NCNC ló kó márààrún, Nnamdi Azikiwe fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó wọlé.

Òfin ìlú ti ọdún 1954 yọ Èkó kúrò lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì sọ ọ́ di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Sùúrùlérè bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ yìí, nígbà tí Mushin, tí kò jìnnà sí i rárá, wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Nítorí náà, ẹni tó bá kó láti Mushin wá sí Sùúrùlérè ní ìgbà náà ti kó láti abẹ́ ìjọba kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn.

Nígbà tí a dìbò ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1959, ìyẹn ìdìbò tó ṣáájú òmìnira, àga mẹ́ta péré ni gbogbo Èkó ní nínú àga 312 ti Ilé Aṣojú-ṣòfin. NCNC gba méjì, Action Group gba ọ̀kan. Nínú ìdìbò ti ọdún 1964, àga Èkó di mẹ́rin. Sùúrùlérè kò tíì ní aṣojú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Pẹ̀lú àwọn àdúgbò mìíràn ní Èkó ni àwọn olùgbé rẹ̀ jọ ń dìbò. Ní oṣù Kìíní ọdún 1966 ni àwọn ológun gba ìjọba, tí ilé aṣòfin sì di títì.

Ìgbà ológun àti àárín rẹ̀: 1966 sí 1999

Ìgbà mẹ́ta ni ìjọba ológun ti gba ẹ̀tọ́ yíyan aṣojú lọ́wọ́ àwọn ará Sùúrùlérè àti gbogbo Nàìjíríà. Ti àkọ́kọ́ gùn ju ọdún 13 lọ, láti ọdún 1966 sí 1979. Ní àárín ìgbà yìí ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, tí Sùúrùlérè àti Mushin sì wá jọ wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà. Ní ọdún 1972, LEDB dara pọ̀ mọ́ àwọn àjọ mìíràn láti di LSDPC.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, àga Ilé Aṣojú-ṣòfin ti di 449, ọjọ́ orí ìdìbò sì ti sọ̀ kalẹ̀ láti ọdún 21 sí ọdún 18. Ní ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 1979 ni a dìbò sí ilé náà. Ẹgbẹ́ UPN tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ darí ni ó borí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Alhaji Lateef Jákàńdè sì di gómìnà. UPN tún borí ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá ọdún náà ni àwọn ológun tún gba ìjọba.

Ìgbà kejì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́sàn-án. Ẹgbẹ́ méjì péré, SDP àti NRC, ni ìjọba ológun gbà láàyè nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀ ìdìbò. Ìdìbò gómìnà ti oṣù Kejìlá ọdún 1991 yẹ kí ó máa wà ní ìrántí ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ẹgbẹ́ kan ni Èkó ń dìbò fún láti ìbẹ̀rẹ̀: aáwọ̀ abẹ́nú ba SDP jẹ́, Michael Ọ̀tẹ́dọlá ti NRC sì di gómìnà. Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1992 ni a dìbò sí Ilé Aṣojú-ṣòfin. Àwọn tó wọlé kò lo ọdún kan pé lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn tí a fagi lé ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1993, Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ó sì tú gbogbo ilé aṣòfin ká. Ọdún márùn-ún ó lé kọjá kí aṣojú mìíràn tó tún jókòó.

Láti AD dé AC: 1999 sí 2007

Ilé Aṣojú-ṣòfin tí òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 gbé kalẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ 360, tí Èkó sì ní 24 nínú wọn. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì, ọdún 1999 ni a dìbò. Ẹgbẹ́ AD, tí ọ̀pọ̀ àwọn aṣáájú rẹ̀ wá láti inú UPN àtijọ́ àti àwọn tó jà fún ìdìbò ti Okùdù 12, ni ó borí ní Èkó àti ní gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù.

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 2003, àwọn olùdìbò Sùúrùlérè Kìíní yan agbẹjọ́rò Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà lábẹ́ AD. Ọdún yẹn le fún ẹgbẹ́ náà. PDP gba ipò gómìnà ní Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òndó àti Èkìtì. Èkó nìkan ni ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ AD. Aṣojú tuntun láti Sùúrùlérè Kìíní wọ Àbújá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ alátakò, ibẹ̀ ni ó sì wà fún ọdún 12.

Ní ọdún 2006, apá kan nínú AD àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn para pọ̀ di AC. Lábẹ́ orúkọ yìí ni Gbàjàbíàmílà padà wọlé ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, ọdún 2007. Orúkọ ẹgbẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n aṣojú kò yí padà.

Ìdìbò mẹ́ta tí a sún síwájú: 2011, 2015 àti 2019

Àwọn ìdìbò mẹ́ta tó tẹ̀lé e fi hàn pé sùúrù olùdìbò ní iṣẹ́ láti ṣe. Ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn ni a sún síwájú kí ó tó wáyé.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 2011, àwọn ènìyàn ti tò síbi ìdìbò nígbà tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, kéde pé àwọn ohun èlò kò tíì dé ọ̀pọ̀ ibùdó. Ọjọ́ 9 oṣù náà ni a wá di ìbò. Gbàjàbíàmílà wọlé lábẹ́ ACN, orúkọ tuntun tí AC ń jẹ́, ó sì di olórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alátakò nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin.

Ní ọdún 2013, ACN, CPC, ANPP àti apá kan nínú APGA para pọ̀ di APC. Ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 2015 ni ó yẹ kí a dìbò, ṣùgbọ́n a sún un di ọjọ́ 28, oṣù Kẹta nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. APC gba ìjọba àpapọ̀, Sùúrùlérè Kìíní sì wà lọ́wọ́ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé PDP gba àwọn ẹkùn kan ní Èkó lọ́dún náà, lára wọn Amuwó-Ọ̀dọ̀fin, Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀ Kejì. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, Gbàjàbíàmílà díje fún ipò Olórí Ilé. Ó rí ìbò 174, Yakubu Dogara rí 182. Ìbò mẹ́jọ ni ó fi pàdánù. Lẹ́yìn náà ni ó di aṣáájú àwọn ọmọ ilé tó pọ̀ jù.

Ní ọdún 2019, ní òru mọ́jú ọjọ́ ìdìbò gan-an, ìyẹn ọjọ́ 16, oṣù Kejì, ni INEC kéde pé ìdìbò di ọjọ́ 23. Ẹni tó ti wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí ó ti forúkọ sílẹ̀ ní láti yàn bóyá yóò dúró tàbí yóò padà sí ẹnu iṣẹ́. Sùúrùlérè Kìíní tún yan aṣojú rẹ̀ kan náà. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà, àwọn ọmọ ilé fi ìbò 281 sí 76 yàn án ní Olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin. Láti ọdún 1999, kò tíì sí aṣojú láti Ìpínlẹ̀ Èkó tó dé ipò náà ṣáájú rẹ̀.

Ìdìbò 2023, àga tó ṣófo, àti ìdìbò àfirọ́pò

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023, a lo ẹ̀rọ BVAS, tó ń yẹ ìka tàbí ojú olùdìbò wò, nínú ìdìbò gbogboogbò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìdìbò náà gbóná ní Èkó. Nínú ìdìbò ààrẹ, Labour Party rí ìbò 582,454 ní ìpínlẹ̀ náà, APC rí 572,606. Ẹgbẹ́ Labour Party tún gba àga Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Amuwó-Ọ̀dọ̀fin àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀ Kejì. Sùúrùlérè Kìíní dúró ti APC, Gbàjàbíàmílà sì wọlé nígbà kẹfà.

Ṣùgbọ́n Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú ti yàn án ní olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ààrẹ. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹfà, ọdún 2023 ni a ṣí Ilé Aṣojú-ṣòfin kẹwàá. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 14, ni Gbàjàbíàmílà kọ̀wé fi ilé náà sílẹ̀ láti lọ sí ẹnu iṣẹ́ tuntun.

Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 2024, ẹkùn Sùúrùlérè Kìíní kò ní aṣojú kankan ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Àkókò náà kì í ṣe àkókò tí nǹkan dákẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sì gbé ẹnu sókè. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún náà ni ilé aṣòfin méjèèjì fọwọ́ sí ìṣúná owó ọdún 2024, tó lé ní tírílíọ̀nù 28 náírà. Nígbà tí wọ́n ń jíròrò lórí bí a ó ṣe ná owó yìí, ohùn àwọn ẹkùn yòókù ní Èkó wà níbẹ̀. Ti Sùúrùlérè Kìíní kò sí. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, bí ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ bá nílò àtúnṣe, tàbí bí olùgbé kan bá ní ẹ̀bẹ̀ tó fẹ́ kí aṣojú rẹ̀ gbé síwájú ilé, kò sí ẹni tó lè dìde ní orúkọ ẹkùn náà.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 2024, INEC di ìbò àfirọ́pò àti àtúndì ìbò ní ìpínlẹ̀ 26. Sùúrùlérè Kìíní wà lára wọn. Fuad Kayode Laguda ti APC ni ó borí, ó sì di aṣojú tuntun àkọ́kọ́ tí ẹkùn náà ní láti ọdún 2003.

Àwọn ìdìbò láti ọdún 2003 ní ṣókí

• 12 oṣù Kẹrin 2003: Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, AD
• 21 oṣù Kẹrin 2007: Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, AC
• 9 oṣù Kẹrin 2011: Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, ACN
• 28 oṣù Kẹta 2015: Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, APC
• 23 oṣù Kejì 2019: Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, APC
• 25 oṣù Kejì 2023: Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, APC
• 3 oṣù Kejì 2024 (ìdìbò àfirọ́pò): Fuad Kayode Laguda, APC

Sùúrùlérè Kìíní méjì ló wà

Ọ̀pọ̀ olùgbé máa ń ṣi àga méjì gbé fún ara wọn nítorí pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Sùúrùlérè Kìíní wà nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, èyí tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí. Sùúrùlérè Kìíní mìíràn wà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláùsá, tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 40. Òṣèré Desmond Elliot ni ó wọlé sí àga ti ìpínlẹ̀ yìí ní ọdún 2015, tí a sì tún yàn án ní 2019 àti 2023.

Ọjọ́ ìdìbò fún àga méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọjọ́ tí a bá ń dìbò ààrẹ ni a ń yan aṣojú ti Àbújá. Ọjọ́ tí a bá ń dìbò gómìnà ni a ń yan ti Aláùsá. Iṣẹ́ wọn náà yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kan ọlọ́pàá, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ tàbí ìṣúná owó orílẹ̀-èdè, ti Àbújá ni. Ọ̀rọ̀ tó kan òfin ìpínlẹ̀ àti ìṣúná owó Èkó, ti Aláùsá ni. Ọ̀rọ̀ ọjà àdúgbò àti ojú àgbàrá inú àdúgbò sì sábà máa ń jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè tàbí ti ìjọba ìdàgbàsókè Ìtìrẹ́-Ìkátẹ̀ àti ti Coker-Àgùdà.

Ọ̀rọ̀ ààlà ẹkùn

Òfin orílẹ̀-èdè sọ pé kí iye ènìyàn inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan sún mọ́ ara wọn bí ó bá ti ṣeé ṣe tó, kí INEC sì máa yẹ àwọn ààlà wò láti ìgbà dé ìgbà, ó kéré tán lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá síra wọn. Ọdún 1996 ni a ti pín àwọn ẹkùn tí a ń lò títí di òní.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní Èkó. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, Sùúrùlérè ní olùgbé 503,975, ó sì ní àga méjì ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Alímọ̀ṣọ́ ní 1,277,714, àga kan péré ni ó ní. Ìdí ni pé nígbà tí Sùúrùlérè ti kún ni àwọn ìgbèríko tuntun bí Alímọ̀ṣọ́ ṣì ń gba ènìyàn. Bí a bá tún ààlà pín lọ́jọ́ kan, ó lè kan iye àga tí Sùúrùlérè ní. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìkànìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí olùgbé ẹkùn yìí lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ohun tó yẹ kí olùgbé mọ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 18, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó sì ń gbé tàbí ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà, lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, kí ó sì gba káàdì ìdìbò alálòpẹ́. Ẹni tó bá ti kó ilé láti àdúgbò mìíràn lè bẹ̀ INEC kí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wá sí ibùdó tó sún mọ́ ọn. Láti ọdún 2018, ọdún 25 ni ọjọ́ orí tí ènìyàn fi lè díje fún Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ọdún 30 ni tẹ́lẹ̀.

Òfin tún fún àwọn olùdìbò lágbára láti pe aṣojú wọn padà wálé. Bí iye tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà bá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fọkàn tán an mọ́, INEC yóò ṣètò ìdìbò láàárín 90 ọjọ́, kí gbogbo olùdìbò ẹkùn lè sọ bóyá kí ó lọ tàbí kí ó dúró.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ kankan ni àga Sùúrùlérè Kìíní jẹ́ tirẹ̀, kì í sì í ṣe ẹnì kan. Láti ìgbà tí ọkùnrin olówó nìkan ń dìbò ní Èkó, títí dé ìgbà tí obìnrin àti ọ̀dọ́ di olùdìbò, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni a dá àga náà sílẹ̀ fún. Àwọn ológun ti ti ilé aṣòfin pa nígbà mẹ́ta, àga náà sì ti ṣófo lẹ́ẹ̀kan nítorí ìyànsípò. Ní gbogbo ìgbà tí ó tún padà sí ìlò, ìbò ni ó gbé ènìyàn jókòó síbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ẹni tó bá jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò ti fi àga rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn bá a yan ẹni tí yóò jókòó lórí rẹ̀.